Ihò Irin Tí Mo Gbẹ́ ní Ìkẹjà

Èmi tí ẹ ń wò yìí, èmi ni mo fi ẹ̀rọ tẹ họ́ọ̀sì rọ́bà kan ṣoṣo tó gùn láti Ìkẹjà dé Kétu ilé wa, láìní oríkèé, láìní àlẹ̀mọ́. Ó gba Agége kọjá, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ìmẹ̀kọ, ó wọ́ kọjá ní ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè sì dìde kí i, wọ́n ṣe bí ejò ọba ni. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó mi, ìyàwó mi gbé ẹnu sí i, ó ní, "Bàbá Ràmá, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo gbọ́ ọ ní Ìkẹjà ketekete. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ họ́ọ̀sì.

Kétu tí mò ń wí yìí, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ mọ́lùẹ̀ ń ké pè l'Ékòó o. Kétu Alákétu ni, lápá ibi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ní kíláàsì níbẹ̀, ìyẹn náà sì ni gbogbo ìwé tí mo mọ̀. Mo lè ka nọ́ńbà, mo lè ka lẹ́tà tí kò bá gùn, mo sì lè bú ènìyàn ní Faransé kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi Àbẹ̀ní ìyàwó mi àti Ràmá ọmọ wa sílẹ̀, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn ni. Ìjọba ológun ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà, Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n gbé kalẹ̀, sì ti ń fún àwọn ènìyàn lọ́rùn, àmọ́ ta ló sọ fún wa ní Kétu? Ohun tí a gbọ́ ni pé iṣẹ́ wà ní Ìkẹjà. Mo ṣèlérí fún Àbẹ̀ní pé Iléyá méjì kò ní kọjá kó tó wá bá mi.

Èdè ló kọ́kọ́ dùn mí. Mo ti rò pé àárín ẹbí ni mò ń lọ. Yorùbá ni mí, Yorùbá làwọn náà. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba yàrá ní Ìfakọ̀, bàbá onílé jókòó sórí àga níwájú ilé, ó gbọ́ gbólóhùn kan péré lẹ́nu mi, ó sì yọ jígí ojú rẹ̀.

"Ọmọ ibo nìwọ?"

"Ọmọ Kétu ni mí, sà."

"Háà. Ègùn."

"Rárá o, bàbá. Yorùbá ni wá. Ọmọ Odùduwà ni Alákétu. Ìlú wa ti pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sí Ìfakọ̀."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Mo ti gbọ́. Ègùn tó mọ ìtàn. Wọlé, má sì dáná nínú yàrá."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ahọ́n rẹ̀ sílé kó tó jáde. Bí àwọn tó ń yẹ ìwé wò bá dá wa dúró, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo máa ń sọ pé mo ti wá. Mo sọ ọ́ títí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò dé rí. Mo tiẹ̀ ní àbúrò ìyá méjì níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ràn mi.

Ilé iṣẹ́ rọ́bà kan wà lẹ́yìn ojú irin, láàárín Agége àti Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni mo ti ríṣẹ́. Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ a máa gbé òórùn búrẹ́dì wá láti àwọn ilé búrẹ́dì Agége, tó bá kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa, òórùn rọ́bà á dá a dúró, á lé e padà. Èérú dúdú tí a ń pò mọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ ju páúdà ọmọ lọ. Ó ń wọ etí, ó ń wọ imú, ó ń wọ àárín eyín. Ewúrẹ́ funfun kan ṣèèṣì wọlé sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Nígbà tó jáde, ẹni tó ni ín fi igi lé e pé ewúrẹ́ òun kọ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fọ ara mi lẹ́ẹ̀mẹta, omi náà ṣì dúdú bí yíǹkì. Mo jókòó ti garawa náà, mo ní bí Ràmá bá rí mi báyìí, yóò sá.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún yín. Ẹ mọ ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí àwọn obìnrin fi ń lọ ẹ̀gúsí? Ẹ fojú inú wò ó kó tóbi tó màlúù tó dùbúlẹ̀. Rọ́bà tútù tí wọ́n ti pò mọ́ èérú dúdú àti imí ọjọ́, a ó gé e ní ọ̀já ọ̀já, a ó máa bọ́ ọ sí i lẹ́nu. Irin kan wà nínú ikùn rẹ̀ tó lọ́ bí ìwo àgbò. Bí irin yìí bá ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti rọ́bà síwájú, ikùn náà yóò sì gbóná kí rọ́bà lè rọ̀. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni wọ́n ti de pẹlẹbẹ irin kan mọ́ ọn, tó ní ihò láàárín. Dáì la máa ń pè é. Bí ihò yẹn bá ṣe rí ni rọ́bà tó gba ibẹ̀ jáde yóò ṣe rí: roboto fún họ́ọ̀sì, bí ètè fún ẹnu fìríìjì, oníkòtò fún ojú gíláàsì mọ́tò. Yóò máa jáde gbọọrọ, bí ejò tí kò nírù. A ó fi páúdà pa á lára kó má baà lẹ̀ mọ́ra, a ó ká a, a ó tì í sínú ìkòkò irin ńlá kan tó ń fi ooru omi sè é. Ibẹ̀ ló ti ń di rọ́bà gidi, èyí tí o lè fà kó sì padà sí àyè rẹ̀. Kó tó jinná, o lè tún pò ó, kí o sì tún tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti jinná, ó parí. Kò sí ọgbọ́n tí o lè dá tí yóò fi di tútù mọ́.

Bàbá Sùnmọ́nù ni àgbà wa nídìí ẹ̀rọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gidi ni tirẹ̀, ó sì mọ̀ láti ọjọ́ kejì pé irọ́ ni mò ń pa. Kò tú àṣírí mi. Ó kàn ní, "Alákétu, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ ní àdúgbò rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ pé Òkè-Ẹlẹ́rin ni. Má dárúkọ odò tí kò sí níbẹ̀ mọ́." Èkejì mi ni Lásísì, ọmọ Ọ̀yọ́, ẹlẹ́nu bí abẹ. Àwa mẹ́ta la wà nídìí ẹ̀rọ kan.

Láti òkè òkun ni dáì ti ń wá tẹ́lẹ̀. Sáàpù mú náírà rù, dáì kò wá mọ́. Máníjà kó àwọn dáì àtijọ́ tí ihò wọn ti jẹ síwájú wa, ó ní ta ló lè gbẹ́ òmíràn. Ojú Bàbá Sùnmọ́nù ti ń ṣe bàìbàì. Lásísì wo òkè àjà. Èmi na ọwọ́.

Mo mú rọ́bà ojú gíláàsì tí wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, mo fi lé irin, mo fa ìlà yí i ká bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fáìlì ìpọ́nrin gbẹ́ ẹ, títí awọ fi bó ní àtàǹpàkò mi. Nígbà tí mo tún fi rọ́bà àpẹẹrẹ yẹn sínú ihò náà, ó wọlé bí ọ̀bẹ wọ àkọ̀. Mo wo gbogbo wọn bí ọba ṣe ń wo ìlú. A dè é mọ́ ẹ̀rọ, rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ń jáde, ó ń sanra. Kòtò tó yẹ kí gíláàsì wọ̀ pa ẹnu dé.

"Yéè!" Lásísì ké. "Alákétu, rọ́bà rẹ ti lóyún! Ta ló fún un?"

Bàbá Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣubú. "Ọmọ mi, o gbẹ́ ihò ní ìwọ̀n ohun tí o fẹ́. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Rọ́bà tí wọ́n há mọ́ ihò, ó ń fara dà á ni. Bó bá ti yọrí jáde, yóò wú ní ìbú, yóò súnkì ní gígùn, yóò fẹ́ padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó fìyà jẹ ẹ́. Gbẹ́ ihò rẹ kó kéré sí ohun tí o ń wá."

"Kí ni kí n fi dín in, bàbá?"

"Kò sí nínú ìwé. Gbẹ́ ẹ, tẹ̀ ẹ́, wò ó, gbẹ́ òmíràn."

Ó gbà mí ní dáì mọ́kànlá. Ìwé kan wà tó bá ẹ̀rọ náà wá, mílímítà ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìnṣì làwọn yòókù mọ̀. Èmi tí tísà Faransé ti fi ẹgba kọ́ ní mílímítà, èmi nìkan ló lè kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn l'Ékòó tí ibi tí mo ti wá ṣe mí lóore. Máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi wá sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pè mí ní Ègùn yí ohùn padà, wọ́n ń pè mí ní Ọ̀gá Dáì. Bàbá onílé tiẹ̀ ní kí n máa dáná.

Bí mo bá dùbúlẹ̀ ní Ìfakọ̀, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ Bàbá Sùnmọ́nù. Èmi náà gba ihò kan jáde. Orúkọ ìlú mi kò wọ̀ ọ́, ohùn mi kò wọ̀ ọ́, mo sún ara kì títí mo fi kọjá. Ó yẹ kí n máa fẹ́ padà sí bí mo ṣe wà. Àmọ́ ibi tí kò yẹ ni mo wú sí. Iléyá méjì kọjá, ìkẹta tẹ̀ lé e. Mò ń sọ fún ara mi pé bí dáì yìí bá ti jáde dáadáa, màá ránṣẹ́ pè wọ́n. Àbí ẹni tó ti ń gbẹ́ nǹkan lọ́wọ́ lè gbé e sílẹ̀ láàárín?

Tẹlifóònù kan ṣoṣo ló wà tí Àbẹ̀ní lè lò ní Kétu, ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi a ránṣẹ́ ọjọ́ àti aago sí i nípasẹ̀ àwọn awakọ̀, òun a lọ jókòó dè é, èmi náà a lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà láti pè é. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì rí. Nígbà kejì, Àbẹ̀ní pariwo sí mi létí bí ẹni ń pe ará òkè odò.

"Bàbá Ràmá! Ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni. Má pariwo, mo ń gbọ́ ọ."

"Ohùn yín ti yàtọ̀! Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó! Ẹ gbà, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

Ràmá kò sọ nǹkan kan. Mo pè é, mo kì í, mo kọ orin tí mo fi máa ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi, nínú méjì rẹ̀, èémí ọmọ náà nìkan ni mo gbọ́. Mo di tẹlifóònù náà mú, n kò jẹ́ kó bọ́. Èémí yẹn dára létí mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lọ́dún náà.

Lẹ́yìn Iléyá kẹta ni lẹ́tà Àbẹ̀ní dé. Tísà àdúgbò wa ló bá a kọ ọ́, ní Faransé, kò sì gùn. Ó ní àwọn ará ilé òun ti ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì ti ń wá sílé wọn. Òun kò tíì dá a lóhùn. Ó ní Ọjọ́bọ̀ kejì tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun yóò wà nídìí tẹlifóònù. Ó ní, "Bí mo bá gbọ́ ohùn yín tí ẹ ní kí n máa bọ̀, mo ti di ẹrù mi. Bí n kò bá gbọ́, màá mọ̀ pé ẹ ti dá mi lóhùn."

Mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún Lásísì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí yẹ̀yẹ́ ṣe. Ó ní, "Alákétu, lọ pe ìyàwó rẹ."

Ọjọ́bọ̀ pé. Ọjọ́ náà gan-an la fẹ́ fi dáì kọkànlá tẹ ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń jáde bó ṣe yẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, kòtò rẹ̀ ṣí sílẹ̀ rekete. Mo ti wẹ ọwọ́ mi tán láti lọ ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà níta. Iná lọ.

Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ tí rọ́bà wà nínú ẹ̀rọ? Irin tó lọ́ yẹn dúró, àmọ́ ikùn ẹ̀rọ kò dáwọ́ gbígbóná dúró. Rọ́bà inú rẹ̀ yóò máa jinná níbi tó wà. Bó bá jinná mọ́ irin yẹn, ẹ̀rọ ti kú nìyẹn, kò sì sí owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n máa fi ra òmíràn. Jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Mo padà sáré wọlé. A tú dáì kúrò. Bàbá Sùnmọ́nù ki ọ̀pá irin bọ ìdí ẹ̀rọ, Lásísì ń ké pé "Yí i! Yí i!", èmi ń fi ìkọ́ fa rọ́bà gbígbóná jáde ní ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń gbẹ̀bí màlúù. Mo wo aago ara ògiri, òun náà ti dúró nítorí iná. Nígbà tí a fi gba ẹ̀rọ náà là, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo sáré dé ilé tẹlifóònù pẹ̀lú rọ́bà lọ́wọ́. Ẹ̀ṣọ́ ń ti ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gá, ó di ọ̀la."

"Ìyàwó mi ń dúró."

"Tèmi náà ń dúró. Ó di ọ̀la."

Tísà ló kọ̀wé sọ bó ṣe lọ ní Kétu. Àbẹ̀ní dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta, ó wọ aṣọ tó fi ṣègbéyàwó, ó gbé Ràmá dání. Ó jókòó títí wọ́n fi fẹ́ pa ilẹ̀kùn dé. Ó wá ní kí ọ̀gá ibẹ̀ jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun gbọ́ bóyá tẹlifóònù náà ti kú. Wọ́n gbé e fún un. Ó fi sétí, ó gbọ́ bó ṣe ń dún "ùùù". Kò kú. Ó dá a padà, ó dúpẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ.

Mo pè lọ́jọ́ kejì, mo pè ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ẹni tó wá. Nígbà tí mo fi délé fúnra mi, Àbẹ̀ní ti wà nílé ọkọ mìíràn, ó sì ti lóyún. Ó wá kí mi nílé ìyá mi. Ó kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, bí ó ṣe máa ń ṣe. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kí bàbá," Àbẹ̀ní sọ fún un.

"Ẹ kú àbọ̀, sà," ni Ràmá wí. Sà! Bí mo ṣe ń pe bàbá onílé ní Ìfakọ̀.

Àbẹ̀ní ní kí ọmọ náà lọ ṣeré. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Iná ló lọ. Rọ́bà fẹ́ jinná sínú ẹ̀rọ." Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, aago tó dúró, ìkọ́, ẹ̀ṣọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ó mí kanlẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ rọ̀. "Iná ni? Háà, Èkó yìí! Èmi ti rò pé ẹ̀yin lẹ kò fẹ́ mi ni." Ó di ọwọ́ mi mú díẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí. Ó sì lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Mo padà sí Ìkẹjà, mo gbẹ́ dáì títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Gbogbo ẹni tí mo sọ ìtàn yìí fún ló káàánú mi. Mo ti parọ́ púpọ̀ láyé mi, ẹ ti gbọ́ ti họ́ọ̀sì, ẹ ti gbọ́ ti ewúrẹ́, kò sí ẹni tó gba ìyẹn gbọ́ rí. Èyí tí wọ́n gbà gbọ́ ni mo fẹ́ mú kúrò báyìí, nítorí Àbẹ̀ní kú ní ọdún tó kọjá, n kò sì sọ ọ́ fún un.

Iná kò lọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Bí dáì ṣe rí, bí ọmọ ṣe mí sí mi létí, bí ó ṣe pè mí ní sà, òótọ́ ni gbogbo wọn. Iná nìkan ni irọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé máníjà sọ fún wa ní aago mẹ́ta pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wo rọ́bà tuntun náà. Lásísì ní, "Máa lọ, mo mọ̀ ọ́n ṣe, màá dúró tì í." Bàbá Sùnmọ́nù ní, "Ọmọ mi, lọ." Mo ní mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kó bá mi nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ kó bèèrè ta ló gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì nawọ́ sí mi. Mo ń wo aago ara ògiri, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó lu mẹ́rin. Ó lu márùn-ún. Ó ti lé díẹ̀ ní márùn-ún kí ọkùnrin náà tó wọlé. Ó fi ìka kan tọ́ rọ́bà náà, ó ní ó dáa, ó sì bèèrè lọ́wọ́ máníjà ibi tí òun ti lè fọ ọwọ́.